Ta Ló Ká Tòmátì Yìí? Láti Ọjà Sandaga dé Ilé Ìdáná Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú Douala ṣe ń jẹun, kó jí lọ sí ọjà Sandaga ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kì í ṣe Sandaga ti Dakar ní Senegal là ń sọ o, ìyẹn ní òkìkí tirẹ̀. Ti Douala là ń wí, ìlú tó tóbi jù lọ ní Cameroon, ìlú èbúté tí ọkọ̀ ojú omi kì í wọ́n níbẹ̀. Èso àti ewébẹ̀ ni iṣẹ́ Sandaga. Lọ́rì á ti rìn lóru láti ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, láti agbègbè Foumbot àti Bafoussam, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá nítorí àwọn òkè tó yọ iná láyé ọjọ́un. Tòmátì kún inú agbọ̀n, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún wà nínú àpò, àlùbọ́sà ti apá àríwá dé. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní buyam-sellam níbẹ̀ á ti dúró de ọkọ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà tàbí Mile 12 rí kò ní í béèrè ìtumọ̀ orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: alárobọ̀ ni wọ́n.

Ẹ bá wa ka iye ọwọ́ tí agbọ̀n tòmátì kan gbà kọjá. Àgbẹ̀ tó gbìn ín. Àwọn tó bá àgbẹ̀ ká a. Ẹni tó tò ó sínú agbọ̀n. Awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó já ẹrù sílẹ̀. Oníṣòwò ńlá tó rà á lódindi ọkọ̀, alárobọ̀ tó rà á ní agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọmọdékùnrin tó fi ọmọlanke tì í dé ẹ̀bá títì. Lẹ́yìn èyí ló tó kan ẹni tó ń ra ọjà fún òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ. Ọwọ́ kẹsàn-án nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló gba rìsíìtì. Bí a bá bi í ní iye tó rà á, á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá bi í pé ta ló ká a, ta ló tì í wá, ṣé wọ́n sì sanwó fún wọn, á ní kí la ní lọ́kàn.

Ohun tí a ní lọ́kàn nìyí. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, òfin ti ń bi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá báyìí pé: kí lẹ ń ṣe kí ẹrú má baà sí nínú iṣẹ́ yín, àti nínú ọjà tí ẹ ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíì? Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti lọ́yà wọn. A mú un wá sójú ìwé ìdílé yìí nítorí pé ìdílé ló ń ra ọjà náà níkẹyìn, ìdílé ló sì ń yọ̀ǹda ọmọ tó ń lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2022, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti àwọn tó bá a ṣe é gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2021, èèyàn bíi mílíọ̀nù 49.6 ló wà nínú oko ẹrú òde òní. Mílíọ̀nù 27.6 nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ àfipáṣe, ìgbéyàwó tipátipá ni ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ILO fi ka àmì mọ́kànlá tí a lè fi dá iṣẹ́ àfipáṣe mọ̀. Lára wọn ni ẹ̀tàn, ìhàlẹ̀, gbígba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pamọ́, dídá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró, gbèsè tí kì í tán, àti kí wọ́n má jẹ́ kó rìn lọ síbi tó wù ú. Àmì kan lè má tó láti fi dájọ́. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé lára ẹnìkan, ó yẹ kí ojú wa là.

Àwa tó jẹ́ pé èdè la kọ́ níléèwé, ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dá wa dúró. Yorùbá kò da gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì pọ̀ mọ́ra. Ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, alágbàṣe wà, ọmọ-ọ̀dọ̀ wà. Inú orúkọ alágbàṣe la ti gbọ́ pé ó gba iṣẹ́ ṣe ni. Bí kò bá wù ú, kò ní í gbà á. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ni ẹni tó lọ ń sin olówó nítorí owó tí òun tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ yá. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni, ìwọ̀fà ní ẹ̀tọ́ tí ẹrú kò ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó ni. Kì í dín gbèsè kù. Bó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, iye tí bàbá rẹ̀ yá ṣì dúró gangan bó ṣe wà.

Ìjọba amúnisìn fi òfin dé e, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ohun tí à ń bá pàdé nínú ìwé nìkan. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ kò lọ síbì kankan. Ẹ mú òṣìṣẹ́ kan tí aṣojú ti ka owó ọkọ̀, owó físà àti owó ìwáṣẹ́ sí lọ́rùn, tí wọ́n ní kó máa fi iṣẹ́ san án, tí gbèsè náà sì ń ga sí i lóṣooṣù nítorí oúnjẹ àti ibùsùn. Ìwọ̀fà ni onítọ̀hún, bó ti wù kí orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún un dùn tó. Àwa tiẹ̀ rò pé tirẹ̀ burú ju ti ìwọ̀fà àtijọ́ lọ, nítorí pé gbèsè ìwọ̀fà kì í ga sí i.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ tún yàtọ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan: gbogbo ohun tí orúkọ náà sọ nìyẹn. Ní Benin, àwọn Fọn ń pe tiwọn ní vidomègon, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa rárá, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan ni. Èdè méjèèjì sọ ibi tí ọmọ wà. Wọn kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn kò sì dárúkọ owó. Láyé àtijọ́ ìyẹn lè má burú, nítorí pé ẹbí ló ń bá ẹbí tọ́ ọmọ, kó lè kọ́ṣẹ́ tàbí kó lè lọ iléèwé. Àlàfo yẹn gan-an ni àwọn tó ń fi ọmọ ṣòwò rí tí wọ́n gbà wọlé.

Douala tí Sandaga wà yìí wà nínú ìtàn kan tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa wọn. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno gbéra ní Cotonou, ó ń lọ sí Gabon. Èrò ló kó, àwọn ọmọdé sì wà láàárín wọn. Gabon kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ sí Libreville. Ó forí lé Douala, wọn kò gbà á níbẹ̀ náà. Ó wà lórí òkun fún ọjọ́ púpọ̀, ìròyìn sì gba ayé kan pé àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ tó igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, ó ti padà sí Cotonou. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó àádọ́ta, àwọn kan sì tìtorí èyí sọ pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. UNICEF àti ẹgbẹ́ Terre des Hommes jókòó ti àwọn ọmọ náà, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ó wá hàn pé wọ́n ń kó àwọn kan nínú wọn lọ síbi iṣẹ́ ni, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe bàbá, tí kì í ṣe ìyá. Kò sẹ́ni tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹ ó rò pé àǹtí rẹ̀ ló ń mú un lọ lo ọlidé.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ sí Gabon nìkan ni, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní ọdún 2003, ọlọ́pàá Nàìjíríà kó àwọn ọmọ Benin jáde láwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ọmọ 116 ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà sílé ní oṣù Kẹsàn-án, 74 tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kẹwàá. Zakpota, ní àárín gbùngbùn Benin, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àwọn mìíràn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òkúta ni wọ́n ń fọ́, òkúta ni wọ́n ń rù sínú lọ́rì. Ìlérí ni wọ́n ṣe fún àwọn ará ilé wọn: bí ọmọ bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kẹ̀kẹ́ tàbí rédíò ló máa gbé bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ti wọlé nìyí. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í dúró sí Abẹ́òkúta. A ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, a ń fi í da dẹ́kì, a ń fi í ṣe afárá. Ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé tó ra lọ́rì òkúta kan lè búra pé òun kò gba ọmọdé síṣẹ́ rí, kó má sì purọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ń gbowó oṣù, wọ́n wọ bàtà, wọ́n dé akoto. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta òkúta fún ẹni tó tà á fún un ni ọmọ náà wà. A ti gbé inú ilé tí wọ́n fi òkúta Ògùn kọ́, bóyá ẹ̀yin náà ti gbé inú irú rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè.

Òfin ti ń gbìyànjú láti béèrè. Ní Cameroon, òfin kan jáde ní ọdún 2011 lórí fífi èèyàn ṣòwò àti ìmúnilẹ́rú. Benin ṣe tirẹ̀ ní 2006 lórí bí wọ́n ṣe ń mú ọmọdé rìnrìn àjò, lẹ́yìn tí òun àti Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ní 2005. Nàìjíríà ti dá NAPTIP sílẹ̀ láti 2003. Àwọn wọ̀nyí ń lé ẹni tó jí ọmọ kó. Àwọn tó ń lé ilé-iṣẹ́ tó ń rajà jìnnà díẹ̀: Britain ní 2015, ilẹ̀ Faransé ní 2017, Jámánì láti 2023. Ti Faransé kò ṣẹ̀yìn ilé Rana Plaza tó wó ní Bangladesh ní ọdún 2013, tó pa òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,100 níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó.

Ti Britain ló gbajúmọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣòwò níbẹ̀, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn, gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé jáde lọ́dọọdún nípa ohun tó ṣe kí ẹrú má baà sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti nínú ọjà tó ń rà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2015 náà gbà kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ pé òun kò ṣe nǹkan kan, kó sì jẹ́ pé ó ti pa òfin mọ́! A ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mélòó kan. Púpọ̀ nínú wọn dà bíi pé ẹnìkan náà ló kọ wọ́n, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ àtúnkọ ni iṣẹ́ wa, a mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà kọ bí a bá rí i.

Kí wá ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe é tinútinú lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi òtẹ́ẹ̀lì kan ní Douala ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó ń ra ẹrù rẹ̀ ní Sandaga. Kò lè tẹ̀ lé gbogbo kárọ́ọ̀tì dé oko. Ó lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti le jù, níbi tí òṣìṣẹ́ ti jẹ́ àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú, níbi tí ọmọdé pọ̀ sí. Ìyẹn lè jẹ́ ìdí ọmọlanke, ó lè jẹ́ oko tí wọ́n ti ń ká tòmátì lásìkò ìkórè. Kó rán ẹni tó gbọ́ èdè àwọn òṣìṣẹ́ náà, kó sì bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá wọn kò sí. Kó má bi wọ́n bóyá ẹrú ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló mú ọ wá síbí? Ọwọ́ ta ni owó rẹ ń bọ́ sí? Níbo ni káàdì ìdánimọ̀ rẹ wà? Bó o bá fẹ́ padà sílé lọ́la, ta ló máa ní o kò gbọdọ̀ lọ? Ẹnìkan lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, kó dákẹ́ lórí ìkẹrin.

Lẹ́yìn náà kí òtẹ́ẹ̀lì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun alára ń ṣe. Bó bá ń ná ọjà wálẹ̀ títí tí èrè alárobọ̀ fi tán, bó bá ń rajà láwìn tó sì ń sanwó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó di dandan kí ẹnìkan ru ìyà rẹ̀. Alárobọ̀ á dá a dúró lórí ẹni tó ń kó ẹrù fún un, onítọ̀hún á sì wá ẹni tí kò lè béèrè owó. Ọmọdé ni. A gbà pé ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé. Wọ́n á kọ òfin fún ẹni tó ń tajà fún wọn, wọn kò ní í fi kún owó.

Ẹ̀rù tó tún wà ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá rí ọmọ kan, ohun tó máa ń yá a lára ni kó sá. Á já ẹni tó ń tajà fún un sílẹ̀, á kéde pé ọwọ́ òun mọ́. Ọmọ náà ńkọ́? Ó lè di pé wọ́n mú un lọ síbi tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sàn kí ilé-iṣẹ́ dúró, kó rí i pé wọ́n san owó tí wọ́n jẹ ẹ́, kó wá àwọn tó lè dá a padà sọ́dọ̀ òbí tàbí sí iléèwé, kó tó pinnu ẹni tó máa bá ṣòwò.

Kòkó ti fi hàn wá bí èyí ṣe lè pẹ́ tó. Cameroon ń gbìn ín, Oǹdó àti Ọ̀ṣun ń gbìn ín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Etireno, àwọn ilé-iṣẹ́ kòkó àti ṣokoléètì fọwọ́ sí àdéhùn Harkin-Engel ní Amẹ́ríkà, pé àwọn yóò fòpin sí iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù nínú oko kòkó. Ọdún 2005 ni wọ́n dá. Ó dé, ó kọjá. Wọ́n sún un sí 2008, ìyẹn náà kọjá. Ìwádìí NORC ti Yunifásítì Chicago tó jáde ní 2020 fojú bù ú pé ọmọ mílíọ̀nù 1.56 ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò tọ́ sí ọmọdé nínú oko kòkó ní Côte d'Ivoire àti Ghana ní ọdún 2018 sí 2019. Ẹ má ṣi èyí gbọ́: oko òbí wọn ni púpọ̀ nínú wọn wà, wọn kì í ṣe ẹrú. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ ṣa kòkó lẹ́yìn iléèwé kì í ṣe ẹrú. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí Yúróòpù kò lè mọ̀ yàtọ̀. Ohun tó ti ń so èso díẹ̀ ni kí wọ́n yan ará abúlé kan tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé, tí yóò mọ orúkọ àwọn ọmọ, tí yóò sì mọ èyí tí kì í ṣe ọmọ ilé náà.

Èyí mú wa dé ibi tí a kò fẹ́ kọ. Nílé tí a gbé dàgbà ní àwọn ọdún 1990, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa. Ó fi bí ọdún méjì jù wá lọ. Obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí ló mú un wá láti òdìkejì bodè. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń bá wa gbé báàgì dé ẹnu géètì iléèwé, lẹ́yìn náà ló ń padà sílé. Ìyá wa kì í lù ú. Ohun tí a bá jẹ ló ń jẹ. Ìyá wa sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ rí. Àǹtí ló máa ń wá gbà á ní ìparí oṣù, á ní òun ń bá a fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ilé wa kọ irú ìwé tí Britain ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, à bá kọ ọ́ kó dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń ṣa ìrẹsì, ìyá wa bi í bóyá ìyá rẹ̀ ń rí owó náà gbà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun kò gbúròó Màámi. Nígbà tí oṣù parí, ìyá wa kò fún Àǹtí lówó. Ó ní òun yóò máa kó o pamọ́ fún ọmọ fúnra rẹ̀. Àǹtí kò jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ti iléèwé dé, ọmọ náà kò sí nílé. Àǹtí ti wá mú un nígbà tí ìyá wa wà ní ọjà, ó ní wọ́n ń pè é nílé wọn. Ìyá wa wá Àǹtí títí, kò rí i mọ́.

Kò sí NAPTIP nígbà náà. Ní Nàìjíríà lónìí, ẹni tó bá fura sí irú rẹ̀ lè pè wọ́n lórí 627. Nígbà tí a sọ fún ìyá wa pé a fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, òun ló ní kí a fi kún un pé òun ṣìṣe: òun ìbá ti kọ́kọ́ wá ìyá ọmọ náà dé ìlú wọn, kí òun tó jẹ́ kí Àǹtí mọ̀ pé òun ti fura.